Etí ò wà fún gbígbọ́ nìkan o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Abala ìlera yín máa ń sọ̀rọ̀ etí bíi pé gbígbọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Inú etí lọ́hùn-ún, ihò tín-ín-rín mẹ́ta kan wà tó tẹ̀ kọrọdọ, omi ló wà nínú wọn, téèyàn bá ti yí orí báyìí omi yẹn á kọ́kọ́ rọ́ sẹ́yìn, á tẹ àwọn irun kéékèèké ibẹ̀, ibẹ̀ lọpọlọ ti ń mọ̀ pé orí yí àti bó ṣe yára tó, á wá máa ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti mọ ibi tá a kọjú sí. Lọ́dún 1984 ni James Ranck, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ eku, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí eku gbọ́dọ̀ kọjú sí kí sẹ́ẹ̀lì náà tó jí gìrì. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Stackman àti Taube, wá ba apá etí yẹn jẹ́ lára eku lọ́dún 1997, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ò mọ ibì kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú eku ń ríran kedere o!

Ojú náà ń ṣe tiẹ̀ ṣá. Tí NEPA bá mú iná, kẹ́ ẹ yípo lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta nínú pálọ̀, ẹ lè máa wá ilẹ̀kùn lára ògiri, àfi tọ́wọ́ yín bá kan fíríìjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe dókítà etí kó ṣàlàyé òòyì, torí ẹni tóòyì bá ti ń kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo àdúgbò máa pè é.