Àkànní, mo ti ra Golf

Ológunẹ́rú, Ìbàdàn
Ọ̀sán Sọ́ńdè

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Coventry ńkọ́? Ó yẹ kí n kí ọ délẹ̀ kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu láti bí oṣù mélòó kan: mo ti ra Golf. Golf 3 ni, ọkọ̀ Volkswagen, ọdún 1996, ilẹ̀kùn márùn-ún, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà manual. Pupa fòò. Tí o bá ń rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín tán kí o tó máa kà á lọ.

O mọ Sienna tí mo fi ń kó bébà. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó kọjá 1,000 nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024, Sienna yẹn kò sì gbọ́ pé nǹkan ti wọ́n nílùú. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀ ṣe ń mu omi ló ṣe ń mu epo. Mo tà á. Ìyá Tèmi, ìyàwó mi, ní kí n ra Corolla. Ẹ̀gbọ́n mi ní Corolla. Pásítọ̀ wa, tí mi ò bi ní nǹkan kan, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Ẹ̀mí ń bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa Corolla. Àmọ́ ta ló mọ ohun tí èmi àti ìwọ fi bíírò yà sẹ́yìn ìwé máàsì wa ní JSS 3? Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe èyí tí mo rà. Òótọ́ ni pé GTI, Golf tó máa ń sáré, la yà. Èyí kì í ṣe GTI. Agbára ẹṣin 90 ló ní; ti GTI jẹ́ 115, ti VR6 onísílíńdà mẹ́fà sì jẹ́ 174. Mo mọ bí àpò mi ṣe jìn sí.

Ọ̀yọ́ ni mo ti rà á, lọ́wọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́, mo fi áńkáṣíìfù wé e kó má baà ha ọ̀dà, mo mú un dání lọ. Golf 3 kò ní ọ̀tá tó ju ìpẹtà lọ. Iyọ̀ tí ẹ̀yin ará ọ̀hún ń dà sójú títì nígbà òtútù ti máa ń jẹ ẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó lẹ̀. Mo gbé e sí ìdí ibi tí wọ́n ń da epo sí, ó lẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn búùtù, lábẹ́ wáípà, ó já bọ́ sẹ́sẹ̀ tíṣà. Bọ́dìfílà ni wọ́n rọ́ síbẹ̀. Èmi àti tíṣà wo ara wa. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ̀ ń dẹ́rù bani o." Wọ́n yọ 200,000 náírà kúrò nínú owó náà lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le níbẹ̀ ni pé mi ò lówó ọkọ̀ méjì, kí n máa tú ọ̀kan kí n sì máa gbé èkejì lọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan náà ni. Ó lè dùbúlẹ̀ ní Sátidé, àmọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́fà ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ, kó gba Ẹlẹ́yẹlé, kó já sí Sángo, kó sì gbé bébà dé Mọ́kọ́lá. Jésù gan-an lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó jí. Golf tèmi, ọjọ́ kan àtààbọ̀. Nítorí náà mo ṣòfin fún ara mi: nǹkan kan ṣoṣo la máa tú lọ́sẹ̀ kan, a ò sì ní fọwọ́ kan òmíràn títí ọkọ̀ á fi rìn lọ rìn bọ̀. Jámánì, mẹkáníìkì mi, kò fẹ́ràn òfin yìí. (Wọ́n ń pè é ní Jámánì nítorí pé kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ Japan. Ọmọ Ẹdẹ ni.) Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀." Mo máa ń fèsì pé kó sọ ọ́ kalẹ̀ tó bá ṣe tán láti fi ẹ̀yìn pọn àwọn ọmọ mi lọ síléèwé.

Bíréèkì la kọ́kọ́ ṣe. O mọ ìdí: Rótìmí. Golf kékeré yìí, iwájú nìkan ni dísìkì wà, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. A pààrọ̀ páàdì, a pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì tó ti dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀, a sì yọ gbogbo rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà, nítorí pé rọ́bà tó ti pé bẹ́ẹ̀ máa ń wú nínú tí o bá tẹ bíréèkì, o ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ gidi. Jámánì ní mò ń fowó ṣòfò. Mi ò dá a lóhùn. Ìyàwó Rótìmí ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Orógun. Ọmọkùnrin wọn ti wọ JSS 2, imú bàbá rẹ̀ ló gbé sójú, mi ò lè wò ó pẹ́.

Tèmi ọmọ mi ti wọlé sí Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n fún un ní Botany, ó sunkún fún ọjọ́ méjì, ó ti ń jẹun padà. Súlè ti fẹ́ ìyàwó kẹta, má béèrè. Lánlọ́ọ̀dù mi ti fi owó lé owó ilé.

Ẹ gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì o. Tí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Sángo, ohùn rẹ̀ á ròkè, á tún rodò, á tún ròkè, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Rẹ́wáyà kan wò ó, ó ní brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló kú, 140,000 náírà. Mo ti fẹ́ máa ka owó. Jámánì fa pẹtiró díẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, ó fín in sára rọ́bà kan báyìí lábẹ́ ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pàdé, ohun tí mi ò ní gbà kí ọmọ tèmi dán wò láéláé. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lọ́gán. Rọ́bà yẹn ti sán, atẹ́gùn sì ń jí wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì 1.8 yìí, ẹnu kan ṣoṣo ni epo ń gbà wọlé fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà tí ẹnu yẹn bá ti ń jò, gbogbo wọn ló máa ṣàìsàn. Rọ́bà bẹ́ljíọ̀mù, àlòkù òkè òkun, láti Gate, 9,000 náírà. Láti ọjọ́ náà, tí rẹ́wáyà yẹn bá rí mi, á kọjú sí ògiri.

Tí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, ọlọ́gbọ́n ni mi. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì kan ń bẹ nínú mi tó ṣì jẹ́ ọmọ JSS 3. Mo ní kí Jámánì rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Spring ìrẹ̀sílẹ̀ gidi àti ṣọ́ọ̀kì kúkúrú tó bá a mu la fi ń ṣe é, mo mọ̀. Owó rẹ̀ ni mi ò ní. Jámánì mú ẹ̀rọ ìgérin, ó gé òrùka kan àtààbọ̀ kúrò lára spring kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, Àkànní, ká sọ òótọ́, ó rẹwà! Ó jókòó sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku. Mo gbé àga síta, mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá Tèmi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Bàbá Tèmi, ṣé táyà ló fọ́ ni?"

Ní Mọ́ńdè, mo di páálí bébà mẹ́jọ sí búùtù. Bí mo ṣe dé bọ́ǹpù àkọ́kọ́ lọ́nà Poly, mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi tí mo rò pé èmi ni mo ké. Táyà ẹ̀yìn ń ha irin bọ́dì. Ṣọ́ọ̀kì tí kò mọ̀ pé wọ́n ti gé spring ń súnkì dé òpin ní gbogbo kòtò. Mo ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Àwọn ọlọ́kadà ń kí mi bí wọ́n ṣe ń ya mí sílẹ̀: "Bàbá, ẹ rọra o!"

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró dá mi dúró. Ọmọ kan tí mo lè bí wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, kí n mú fóònù mi wá. Èmi! Ó ti gbà pé ọmọ Yahoo ni mi. Mo ní ìwé ni mò ń tẹ̀. Ó ní kí n ṣí búùtù. Ìwé ètò ìsìnkú ló wà níbẹ̀, 300, ìyá àgbà kan tó kú lẹ́ni ọdún 94 ń rẹ́rìn-ín sí i láti orí gbogbo wọn. Ó pa búùtù dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ máa lọ, sà."

Mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo mọ̀.

Mo gbé Màmá yín nínú ọkọ̀ náà, Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní Òkè-Bọ́lá ni mo ní kí n gbé wọn dé. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń fọwọ́ tọ òrùlé ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan lórí pẹpẹ. Mo rò pé bó ṣe wálẹ̀ jù ló fà á. Wọ́n wọlé tán, wọ́n ní ṣé ẹ̀yìn náà ni ẹ́ńjìnnì eléyìí wà bíi ti Ìjàpá Bàbá, Volkswagen àtijọ́ yẹn, a jọ rẹ́rìn-ín, mo rántí ọjọ́ tí èmi àti ìwọ gbé kẹ́tùlù omi tí à ń wá ràdíétọ̀ kiri lára Ìjàpá. (Kò ní ràdíétọ̀ rárá. A ì bá ṣì máa wá a dòní.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àjàní, ọkọ̀ yìí dára, kí ló dé tí o fi mú dúdú?"

Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí a dé ibi ìpàdé, wọ́n kí ọkùnrin tó ń to àga ní "Ìyá Tèmi, o ò sọ pé ò ń bọ̀."

Àkànní, mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ojú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ohun funfun tí wọ́n ń pè ní cataract ti yọ sínú ẹyin ojú méjèèjì, ti apá ọ̀tún ti le gan-an. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló máa yọ ọ́, pé wọ́n máa ń ṣe é lójoojúmọ́, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì sùn sílé lọ́jọ́ náà. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ládùúgbò ní wọ́n máa ń yọ ẹyin ojú jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu bó mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tí Àkànní bá wà ńlé ni àwọn ì bá gbà, àmọ́ kí n má sọ fún ọ, pé o ní wàhálà tìrẹ lọ́hùn-ún. Mo búra fún wọn. Mo ti yẹ ìbúra náà báyìí, kí wọ́n fi orí jì mí.

Pè wọ́n. Má pè wọ́n lónìí, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Pè wọ́n ní Wẹ́sìdeé, kí o bi wọ́n pé báwo ni ojú wọn, bí ẹni tó kàn béèrè. Wọ́n á purọ́. Bi wọ́n pé àwọ̀ wo ni ọkọ̀ Àjàní. Ibẹ̀ ni kí o ti mú wọn. Owó kọ́ ni mò ń wá o. Mo ti ń kó owó rìmù jọ, ínṣì 15 oníhò mẹ́rin, ó ti tó fún ojú kan. Rìmù ò kánjú, ó ti ń dúró dè mí láti 1996.

Tí o bá ti bá wọn sọ ọ́ tán, tí ó sì yọrí, tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ (mi ò ní kí o sáré), bá mi wo ibi tí wọ́n ń tú òkú ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín bóyá o lè rí bíréèkì ẹ̀yìn Golf 3 GTI. Tiwọn ní dísìkì lẹ́yìn. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ náà ni, ojú ló tì mí.

Àná, mo lọ sí Gate, mo ra spring bẹ́ljíọ̀mù mẹ́rin tí ẹnì kan ò gé, Jámánì dá Golf padà sókè, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n gba aya rẹ̀. Mo gbé e lọ fi han Màmá. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n dìde láìdi ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ó ti dáa báyìí. Wọ́n fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára, wọ́n ní mò ń tọ́jú rẹ̀, pé dúdú rẹ̀ ń dán.

Èmi ni,
Àjàní