Kọ́lá, ọ̀rọ̀ Àǹtí Bọ́lá kì í ṣe ẹmu

Àkúrẹ́, alẹ́ Ọjọ́rú

Kọ́lá ọmọ Ìdànrè,

Ṣé òtútù Jámánì kò tíì sọ ẹ́ di ẹja yìnyín? Òjò ti gbé afárá ẹ̀yìn ilé wa lọ, Ìyá Ìbejì ti kó kúrò ládùúgbò, iyán Ọjà Ọba ti di oúnjẹ ọlọ́lá. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ Àǹtí Bọ́lá ni.

O rántí bí wọ́n ṣe ń ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n níbi ìgbéyàwó Fẹ́mi, tí a ń rẹ́rìn-ín pé wọ́n ti yó? Kókó ló wà lẹ́yìn ọpọlọ wọn, níbi tó ń jẹ́ kí èèyàn lè dúró dáadáa. Ẹnu yà mí nígbà tí dókítà ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ikùn. Àpò omi kéékèèké kún kíndìnrín méjèèjì, kókó kan sì wà níbẹ̀ tó ní ó jọ jẹjẹrẹ. Ó wá bi wá pé kí ló pa bàbá wa. A ní kíndìnrín. Ṣé ẹnikẹ́ni fọ́jú nínú ẹbí? Gbogbo wa dákẹ́. Ìwọ náà mọ iye ewúrẹ́ tí wọ́n pa nítorí ojú Bàbá Àgbà, o sì mọ ìyá tí wọ́n lé kúrò ní agboolé.

Kọ́lá, àìsàn kan náà ni gbogbo rẹ̀! Von Hippel-Lindau ni wọ́n ń pè é. Von Hippel, dókítà ojú ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Lindau ará Sweden ló so ti ojú mọ́ ti ọpọlọ ní 1926. Kókó orí yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọ́n máa yọ ọ́. Ti kíndìnrín ló ń ba dókítà lẹ́rù.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní in, bíi ká ta kọ́bọ̀ sókè ni: bóyá yóò mú un, bóyá kò ní mú un. Àwa mẹ́rin ni bàbá mi bí. Ilẹ̀ la ń jà sí látọjọ́ yìí, a ò mọ̀ pé wọ́n ti pín ogún míì fún wa.

Àràárọ̀ ni orí ń fọ́ mi báyìí. Ó lè jẹ́ gbèsè o. Dókítà ní kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ojú mi wò. Mi ò tíì lọ.

Jọ̀ọ́, bá mi béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Má sọ fún ìyàwó rẹ, ojoojúmọ́ lòun àti Ìyá Tóbi ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, oyún Ìyá Tóbi sì ti wọ oṣù karùn-ún. Bí o bá pè tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyá Tóbi wà.

Èmi ni,
Dàpọ̀