Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ọ̀rọ̀ Ẹlòmíràn Ni Ẹ Fi Ń Pariwo Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń lọ jókòó ṣiṣẹ́ ní àwọn yàrá àjùmọ̀lò ní Yábàá, ní Ìkẹjà, ní Bódìjà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fóònù tí ẹ ń fi pariwo láàárín èèyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Wọ́n ti lé ọmọ àbúrò mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò jalè, kò bá ọ̀gá jà. Ìpè fóònù kan ló fà á.

Iṣẹ́ tí àwọn ayánilówó tó gbà á síṣẹ́ gbé fún un ni kí ó máa pe àwọn tó yáwó tí wọn kò tíì san. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ìyá kan, ó dárúkọ rẹ̀, ó ka gbèsè rẹ̀ tán pátápátá, gbogbo yàrá ń gbọ́. Kò mọ̀ pé àbúrò ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ìyá náà ló jókòó sí tábìlì kejì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ilé àna. Ìyá yẹn kò pariwo, lọ́yà ló gbà. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn ti wà nílẹ̀ wa láti ọdún 2023, àwọn ayánilówó náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ni wọ́n bá fi ọmọ wa gba ara wọn sílẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Ẹ mọ ìyókù.

Mo mọ ohun tó ń gbé yín lọ síbẹ̀. NEPA kò jẹ́ kí èèyàn ṣiṣẹ́ nílé, àwọn tí wọ́n sì ń fún níná dáadáa, wọ́n gbé owó kílówáàtì kan fún wákàtí kan láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024. Kí ẹ kówó jọ lo jẹnẹrétọ̀ kan àti íntánẹ́ẹ̀tì kan, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ jọ ń lo iná kan, ṣé ó wá yẹ kí ẹ jọ máa gbọ́ gbèsè ìyá oníyàá?

Yàrá ìpè ni èmi alára ti jẹun. Láyé P&T, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba, kí apá tẹlifóònù rẹ̀ tó di NITEL lọ́dún 1985, mo wà lára àwọn obìnrin tó ń so ìpè pọ̀ ní Ìbàdàn. A ó tò sí iwájú pátákó ńlá, okùn lọ́wọ́ òsì, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Gílóòbù kékeré á tàn, a ó ki okùn bọ ihò, a ó béèrè ẹni tí wọ́n ń wá, a ó so wọ́n mọ́ Èkó tàbí Kàdúná. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnu wa súnmọ́ ẹ̀rọ, ohùn wa wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ohùn sókè, ọ̀gá wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, á rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀, á fi pẹ́ńsùlù gbá àga rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Tí ẹni tó pè àti ẹni tí wọ́n pè bá sì ti gbọ́ ara wọn, a gbọ́dọ̀ yọ etí wa kúrò níbẹ̀. Olóyè ń bá àlè rẹ̀ sọ̀rọ̀, oníṣòwò ń bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò. A kò gbọ́. Bí a tilẹ̀ gbọ́, a kò gbọ́.

Ẹ̀yin wá fi fóònù sí spíkà, ẹ gbé e síwájú ẹnu bí ẹni fẹ́ gé búrẹ́dì jẹ. Ta ló ṣe yín báyìí? Ẹni tó wà lódì kejì kò mọ̀ pé ogún etí ló ń gbọ́ òun. Ẹ kò sọ fún un!

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ki íapíìsì bọ etí méjèèjì tí wọ́n wá ń lọgun. Fóònù àtijọ́ máa ń dá díẹ̀ nínú ohùn ẹni padà sétí ẹni, kì í jẹ́ kí èèyàn pariwo. Ẹ̀yin ti di etí pa, jẹnẹrétọ̀ tún ń ké lẹ́yìn ilé, ohùn á máa gòkè, ẹ kò ní mọ̀. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò létí. Ẹyọ kan péré!

Ẹ má sá lọ sórí àtẹ̀gùn o, ohùn ń dún níbẹ̀ ju inú yàrá lọ. Tí yàrá kékeré onígíláàsì bá wà, ẹ wọbẹ̀, kí ẹ sì jáde tí ẹ bá parí, kì í ṣe ọ́fíìsì bàbá yín. Nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, èsì àyẹ̀wò aláìsàn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Tí kò bá ṣeé kọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lódì kejì kà á, kí ẹ̀yin máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù tó ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí tábìlì nígbà tí ẹ lọ jẹun, inú báàgì ni kó wà.

Mo mọ èyí tó nira jù. Màmá pè láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n ń kí iṣẹ́, wọ́n ń kí ọmọ, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín tà, ẹ sì ń bẹ̀rù pé tí ẹ bá ní kí wọ́n dúró, ẹ ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kò ya nǹkan kan. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, àárín èèyàn ni mo wà, mo ń bọ̀ wá pè yín.” Kí ẹ sì pè wọ́n lóòótọ́, torí àwọn kan nínú yín kì í pè. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ní ìyá àgbà kan tó ti ṣe iṣẹ́ ìpè rí ní Ìbàdàn ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.