Ẹ Yé Fojú Lásán Dájọ́ Ikú Fún Ọmọ Tí Oṣù Ẹ̀ Ò Pé

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Ọmọ tí àbúrò mi bí lóṣù méje, ikùn ẹ̀ wú, ó ń bi nǹkan tó láwọ̀ ewé, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ẹ̀ jáde, àìsàn tí wọ́n ń pè ní NEC yẹn náà ni, èyí tí ìfun ọmọ fi ń wú tó sì lè kú. Ẹni tá a bá lẹ́nu iṣẹ́ wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ó ti kéré jù, kò lè la iṣẹ́ abẹ já, ká máa gbàdúrà. Wọn ò tíì ya ẹ́síréè o! Wọn ò tíì gba ẹ̀jẹ̀! Nígbà tí ẹlòmíì máa fi kọ̀wé pé ká máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ sì ti tutù kí mọ́tò tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12. Ó kú kí dókítà oníṣẹ́ abẹ tó fọwọ́ kàn án. Bóyá ì bá yè, bóyá kò ní yè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ torí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ló ní ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó máa yè? Èmi kì í ṣe dókítà àmọ́ mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wo ìwọ̀n ọmọ àti iye ọ̀sẹ̀ tó lò nínú ìyá ẹ̀, èyí tí ò tó kìló kan léwu gan-an, àmọ́ wọ́n tún ń wò ó bóyá platelets ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ti wálẹ̀, bóyá ásíìdì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, bóyá oògùn ló ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ró, èyí tó wá ṣe kókó jù ni ibi tí ìfun kú dé, ìyẹn ò sì ṣeé mọ̀ dájú àfi tí wọ́n bá ṣí ikùn. Ọmọ kékeré tí ìfun ẹ̀ kú níwọ̀nba lè yè, kí èyí tó tóbi jù ú lọ tí gbogbo ìfun ẹ̀ ti kú má yè. Lókè òkun, nínú ọmọ 10 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ NEC fún, bíi 3 sí 5 ló ń kú, àwọn tó kù ń yè! Kí wá lẹnì kan ń rí tó fi ń fojú lásán dájọ́ ikú?

Àwọn ọ̀gá ọsibítù yìí náà, tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ilé tuntun wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, tó bá dalẹ́ kò síná, wọ́n ti ti làbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pa.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni káàdì kan ṣoṣo, kí wọ́n so ó mọ́ ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé látọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí i, iye ọ̀sẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, bóyá ọmú ni àbí mílíìkì inú agolo, wákàtí tí ikùn ẹ̀ wú, èsì ẹ̀jẹ̀, ohun tí ẹ́síréè fi hàn, oògùn tí wọ́n ti fún un. Kí káàdì yẹn bá a dé ọsibítù ńlá bíi LUTH tàbí LASUTH, kí dókítà oníṣẹ́ abẹ náà kọ ibi tí ìfun kú dé sí i àti bó ṣe parí, kó wá fi káàdì ọ̀hún ṣàlàyé fún ìyá àti bàbá ọmọ láìparọ́. Tá a bá kó irú káàdì bẹ́ẹ̀ jọ fún ọdún bíi mélòó kan, a ó ní ìṣirò tiwa l'Ékòó, torí ìṣirò òyìnbó, ibi tí irinṣẹ́ pé sí ni wọ́n ti ṣe é, ọmọ tiwọn kì í tutù nínú dánfó.

Kí ẹ́ńbúláǹsì tó lè mú ọmọ gbóná wà ní Ìkòròdú, kí làbù máa ṣiṣẹ́ lóru, kí wọ́n sì ran àwọn ìyá lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa fún omi ọmú wọn sílẹ̀ fún ọmọ torí omi ọmú máa ń dín àìsàn yìí kù.

Tí wọ́n bá ní kò sówó káàdì, kí wọ́n sọ ọ́ síta, àwa ìyá á dáwó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sábó, Ìkòròdú