Má Fi Irin Sí Oṣó Rẹ Lójú

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí ọ. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ṣe smartlink, ẹ̀rọ tó ń so ìbọn pọ̀ mọ́ ojú ẹni tó ń yìn ín, sójú oṣó tuntun rẹ nínú Shadowrun, eré orí tábìlì tá a ti ń ṣe bí ẹni inú ìtàn, tá a sì ń ju dáìsì, kó lè máa yìnbọn bíi jagunjagun. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, ni mo bá jókòó kọ̀wé.

Mo mọ ohun tó wù ọ́ níbẹ̀. Ìbàdàn làwa fi rọ́pò Seattle, ìlú Amẹ́ríkà tí ìtàn náà sábà máa ń dá lé, nínú eré tiwa. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ọ̀kan nínú wa lúgọ sẹ́yìn ògiri Cocoa House, ó na ìbọn nìkan síta, kámẹ́rà ara ìbọn sì ń fi ọ̀tá hàn án kedere. Ó ń rí iye ọta tó kù, ó ń rí bí ìbọn ṣe ń gbóná. Kò fa nǹkan kan kó tó dún, ó kàn rò ó lọ́kàn ni. Ariwo tá a pa lọ́jọ́ náà!

Ṣùgbọ́n jagunjagun nìyẹn o. Nínú ìwé òfin ẹ̀dà karùn-ún, ti ọdún 2013, smartlink inú ojú ń fúnni ní dáìsì 2 lé sí i láti jù nígbà tá a bá ń yìnbọn, ó sì ń gba 0.2 nínú Essence, ìyẹn ìwọ̀n bí ara ẹni ṣe pé tó, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 6. O rí 0.2, o ní kò tó nǹkan. Jọ̀ọ́, tún òfin idán kà: bí Essence bá ti wálẹ̀ kúrò ní 6, ì báà jẹ́ díẹ̀ bíńtín, odidi 1 ni Magic, ìyẹn agbára idán, máa dín. Gbogbo ọfọ̀ tí oṣó rẹ bá pè látìgbà náà lọ ló máa pàdánù dáìsì 1, nítorí ìbọn tí kò ní máa yìn lójoojúmọ́. Ó dùn mí, torí mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn oṣó yìí tó.

Ra awò ojú tó ní smartlink. Dáìsì 1 ló ń fúnni, àmọ́ kì í gba Essence rárá, Accuracy, ìyẹn bí ìbọn ṣe péye tó, sì máa fi 2 lé sí i bákan náà.

Ọ̀rọ̀ wáyálẹ́ẹ̀sì tún wà níbẹ̀. Àfi kó wà ní títàn kí o tó rí dáìsì yẹn gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni dẹ́kà ọ̀tá, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà já wọ ẹ̀rọ ẹlòmíì, ń gbà wọlé. Bó bá ba awò ojú jẹ́, wàá bọ́ ọ sọnù. Èyí tó wà nínú ẹyin ojú ńkọ́?

Fi ìwé tí o kọ agbára oṣó náà sí ránṣẹ́ sí mi kí ẹni tó ń darí eré yín tó fọwọ́ sí i, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Bódìjà