Ọgbà agbòjò yẹ àgbàlá wa ní Kábbà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àwọn àgbà ní ó wu àgbàrá òjò kí ó wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ní tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi la ọ̀nà fún un. Nígbà tí mo da kankéré sí gbogbo àgbàlá mi kí ẹrẹ̀ má baà wọlé, omi tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ kò ríbi wọ̀ mọ́, ó sì forí lé ìdí ògiri aládùúgbò mi títí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi yọ síta.

Omi náà kò kéré. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 30 bá rọ̀ sí i, lítà 3,000 ni yóò dà sílẹ̀, ìyẹn dírọ́ọ̀mù oní-lítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tí mo wá ṣe ni ọgbà agbòjò, irú èyí tí wọ́n ti ń lò ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1990. Kòtò fífẹ̀ tí kò jìn ni, tí a po yanrìn mọ́ ilẹ̀dú sínú rẹ̀, tí a sì gbin ìdò sí. Bí àgbàrá bá ti wọ ibẹ̀, yanrìn a gba ìdọ̀tí rẹ̀ dúró, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ a máa jẹ epo ọkọ̀ tí ó gbé wá, gbòǹgbò a mu nínú rẹ̀, ìyókù a sì rìn lọ sísàlẹ̀, níbi tí kànga ti ń fa omi. Ìdí yìí gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kànga wa kì í pẹ́ gbẹ bí ọyẹ́ bá ti dé. (Ẹni tí yóò mu omi kànga ṣì ní láti sè é.)

Ẹ̀fọn ni gbogbo ẹni tó bá yà kọ́kọ́ ń béèrè. Ọgbà tí a ṣe dáadáa a máa gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyin ẹ̀fọn a máa lò tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó di ẹ̀fọn tí ń fò. Gọ́tà tí ọ̀rá omi dí ni kí a bẹ̀rù. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ da omi sínú ihò kékeré kan. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, àpáta tàbí amọ̀ ló wà nísàlẹ̀, kí ó lọ gbẹ́ ibòmíràn. Kí ọgbà náà jìnnà sí ilé tó mítà mẹ́ta, kí ó má sì sún mọ́ sálángá.

Bí àwọn aláṣẹ bá tún fẹ́ la gọ́tà sí àdúgbò wa, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi etí ọ̀nà díẹ̀ sílẹ̀ láìda kankéré sí i. Ìdò pọ̀ lẹ́yìnkùlé mi. N ó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kábbà, ìpínlẹ̀ Kogí.