Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Ààrò Ìkòkò

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Sáà kejì ti parí, ara gbogbo ọmọ le. Èsì ìdánwò wà nínú àpòòwé tí wọ́n mú bọ̀ wálé. Àfihàn iṣẹ́ ọnà lọ dáadáa. Ìsinmi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ sára ápúrọ́ọ̀nù ọmọ yín. Mẹ́tàdínlógún tí kò ní olówó ló wà ní ọ́fíìsì mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààrò. Mo ka gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ, títí kan èyí tí kò tilẹ̀ kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Òótọ́ ni, a ti pa ààrò onígáàsì àti jẹnẹrétọ̀; ààrò oníná mànàmáná la ó máa fi sun ìkòkò. Òótọ́ ni pé owó ilé-ìwé yóò fi ìdá 5 nínú 100 lékún. Sísun àkọ́kọ́ tí ìkòkò máa ń gbà tó nǹkan bí 1000°C, ti gléèsì, ìyẹn ohun dídán tí a ń fi kun ìkòkò, sì lè kọjá 1200°C. Kílò gáàsì kan tí a bá jó ń tú nǹkan bí kílò 3 káábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì, afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́. Bàbá kan bi mí bí ọ̀kan ṣe ń bí mẹ́ta: ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo fojú ara mi rí i tí ààrò ńlá náà ń jó fún ife mẹ́rin àti abọ́ kan tó ti sán. Láti ìsinsìnyí, ààrò tí kò bá kún kò ní gbaná.

Àwọn kan ní iná mànàmáná náà lè ti ibi èédú abẹ́ ilẹ̀ tàbí gáàsì wá. Wọn ò parọ́. Ìdí nìyẹn tí owó tí ẹ ń bínú sí fi ń lọ sórí páńẹ́lì sólà, lórí òrùlé yàrá ère gbígbẹ́. Kò ní tó ààrò bọ́ tán, àmọ́ yóò dín ohun tí à ń rà kù.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe gléèsì pupa oníbàbà, ẹ̀dùn yín yé mi. Pupa yẹn ń fẹ́ ààrò tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré. Ní ààrò oníná mànàmáná wa, àwọ̀ ewé ló ń dà. Olùkọ́ ìkòkò fúnra rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. A kò ní tan gáàsì nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní gé máàkì ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀.

Inú mi dùn púpọ̀ sí Ẹgbẹ́ Èédú. Àwọn ọmọ náà ń ṣa ẹ̀ka tí a gé nínú ọgbà, wọ́n ń dé e mọ́ inú agolo, wọ́n ń sun ún di dúdú, wọ́n sì ń fi yàwòrán. Èédú wọn rọ̀ lọ́wọ́ ju èyí tí à ń rà lọ. Ẹnì kan ní ìyẹn náà ń rú èéfín. Ó ń rú, àmọ́ ẹ̀ka igi ọgbà kì í ṣe epo tí wọ́n wà láti abẹ́ ilẹ̀.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ sáà tuntun. Ẹ bi mí ní ohunkóhun nípa ètò sísan owó díẹ̀díẹ̀. Ààrò kò sí lára ohun tí a ó dìbò lé.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé